Yàrá Ìyá Mi Lábẹ́ Afárá

Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé lókè òkun ló fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù: mọ́tò gbọọrọ kan tó ní ilé nínú. Mi ò purọ́ fún yín. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, ibi ìdáná wà níbẹ̀, ibi ìwẹ̀ wà níbẹ̀, aṣọ sì wà lójú fèrèsé bí ẹni pé aládùúgbò kan wà tó ń yọjú wòran. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló háyà rẹ̀ láti fi lo ìsinmi wọn. Ohùn rẹ̀ tẹ̀ lé àwòrán náà, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n:

"Dádì, ẹ mọ ohun tó fẹ́ẹ̀ dójú tì wá? Afárá! Ọkọ mi gbàgbé pé ilé ló wà lẹ́yìn òun, ó ń sáré lọ sábẹ́ afárá bí ẹni tó ń wa mọ́tò kékeré. Díẹ̀ báyìí ló kù kí òrùlé há. Ní báyìí a ti wọn gíga rẹ̀, a ti kọ ọ́ sórí bébà, a sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ẹni tó ń wakọ̀."

Mo fèsì pé Òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn wa ni. Mo ní lọ́dọ̀ tiwa ńbí, ilé máa ń rìn, omi ló máa ń gbé e, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ tọrọ àyè. Ó fi àwọn ojú kéékèèké tó ń rẹ́rìn-ín ránṣẹ́ sí mi. Ìdajì ọ̀rọ̀ mi ló rẹ́rìn-ín sí. Kò dá ìdajì kejì lóhùn, èmi náà kò sì tún un sọ.

Nígbà tí à ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, òkun ti gba ilé tó wà lẹ́yìn ilé mi, ó ti wọ agbo ilé wa. Ìlú wa wà létí òkun, kọjá Ayétòrò díẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ ó la àdúgbò kọjá, ẹ ó la ibi tí wọ́n ń sá àwọ̀n kọjá, ẹ ó tún gba abẹ́ àwọn igi àgbọn kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ kan omi òkun. Bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀ ni a ń ka àwọn nǹkan tó lọ: igi àgbọn kọ́kọ́ lọ, ilé ìjọsìn àtijọ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ. Ọjọ́ tí kíláàsì mi ṣubú sómi, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi béèrè bóyá iṣẹ́ àṣetiléwá ṣì wà. Mo ní ó wà, kó lọ gbà á lọ́wọ́ ẹja.

Ìjọba wá gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Igbokoda. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti kó lọ tipẹ́. Ìyàwó mi ti kú kí òkun tó dé ẹnu ọ̀nà wa, mo sì máa ń sọ pé ó ti mọ̀ pé mi ò mọ ẹrù dì, ló ṣe tètè lọ. Ohun kan ṣoṣo tó kù nínú agbo ilé wa ni yàrá ìyá mi: yàrá kan ṣoṣo, pákó lára, páànù lórí, ó dúró lórí àwọn òpó nínú omi. Níbẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Níbẹ̀ náà ni ìyá mi máa ń to ẹja yíyan sí kó tó gbé e lọ sọ́jà, tó jẹ́ pé títí dòní, bí oòrùn bá mú pákó yẹn, òórùn ẹja á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bí ẹni pé obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ ra iyọ̀ ni.

Mo pe káfíńtà kan kó wá tú u fún mi, kí n kó pákó rẹ̀ lọ tún tò níbòmíràn. Ó fi èékánná tẹ ara ògiri, ó mi orí.

"Bàbá, kì í ṣe ìṣó ló di pákó yìí mú mọ́. Iyọ̀ ni. Bí mo bá tú u, igi ìdáná lẹ máa kó dé Igbokoda."

"Bí a bá fi í sílẹ̀ ńkọ́?"

"Òkun á bá yín tú u."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pinnu pé odidi ni yàrá ìyá mi máa lọ.

Ẹni tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ni ọ̀rẹ́ mi kan, awakọ̀ ojú omi, ẹni tí a jọ kọ́ omi í wẹ̀ lójọ́ kan náà, tó sì ń sọ títí dòní pé òun ló kọ́ mi. Ọkọ̀ onígi ńláńlá méjì ló ní, tó fi ń kó pákó àti ẹrù ọjà. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Tíṣà, ìwé ti dà ọ́ lórí rú. Ìgbà wo la máa lọ?"

Ọ̀nà tí a fi gbé e, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, nítorí ó dùn mọ́ mi. Nígbà tí omi fà, a de ọkọ̀ méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú ìtì igi, a tì wọ́n sáàárín àwọn òpó, sábẹ́ ilẹ̀ yàrá. A wá jókòó, a ń jẹ púpurú. Kò sí iṣẹ́ mìíràn. Nígbà tí omi òkun kún, ó gbé ọkọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ kan ilẹ̀ pákó, pákó ké bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, yàrá sì gbéra kúrò lórí òpó tó ti ń dúró lé láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kọ́ ọ. Omi tó fẹ́ jí i náà ló bá wa gbé e. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ olè."

Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà ní ọ̀nà ni afárá. Kí èèyàn tó dé Igbokoda láti ọ̀nà tiwa, ó ní odò tóóró kan tí wọ́n fi katapílà gbẹ́, afárá oníkọnkéré kan sì dábùú orí rẹ̀ tí àwọn èèyàn máa ń fi ẹsẹ̀ rìn kọjá. Ẹni tó kọ́ ọ kò rò pé ilé lè wá kọjá lábẹ́ rẹ̀, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi wá sí mi lọ́kàn. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti ṣáájú lọ síbẹ̀, nígbà tí omi fà tán, a ti ọ̀pá ìtukọ̀ gígùn bọ omi títí orí rẹ̀ fi kan abẹ́ afárá, a sì ti so àkísà pupa mọ́ ibi tí omi dé lára ọ̀pá náà. Nígbà tí yàrá wá jókòó sórí ọkọ̀ tán, a fi ọ̀pá kan náà wọ̀n ọ́n, láti ṣónṣó òrùlé dé ojú omi. A so àkísà funfun. Funfun fi ìka méjì dín sí pupa.

"Ìka ta ni?" ni mo bi í, nítorí ìka ọ̀rẹ́ mi tóbi bí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ìka tìẹ, Tíṣà. Ìka tó ń di ṣọ́ọ̀kì mú."

Inú wa dùn. A ti ronú nípa omi tó ń fà àti omi tó ń kún, a ti ṣírò ìgbà tí a máa dé afárá kí omi lè ti fà, kò sí ẹni tó lè kọ́ àwa ọmọ omi ní ọ̀rọ̀ omi. Ẹ rántí gbólóhùn yẹn.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń kó lọ kì í dá lọ. Àwọn ará ilé àti aládùúgbò á wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n á so ọkọ̀ kéékèèké tiwọn mọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á bá a lọ títí dé ibi tí ìlú kò ti ní hàn mọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti bọ́ sínú ọkọ̀ tiwọn, wọ́n á padà, kí ẹni tó ń lọ má bàa ní ìlú lẹ́yìn láti bojú wò. Àwọn tó ṣẹ́kù ní ìlú wa lọ́jọ́ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló wá. Kí oòrùn tó mú, kí a tó wọn yàrá náà, wọ́n ti kún inú yàrá, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ pákó, wọ́n ná ẹsẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìyá mi. Arúgbó obìnrin kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní:

"Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti jẹ́ ìyàwó ni mo ti ń wọ yàrá yìí. Òní ló kọ́kọ́ gbé mi jáde."

A rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀rẹ́ mi tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lẹ́yìn, yàrá ìyá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, pẹ̀lú èèyàn nínú bí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

Nígbà tí a dé ibi tí odò ti yà, tí igi ẹ̀gbà tó hù létí omi bo ìlú lójú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó sunkún. A kì í sunkún níbẹ̀. Arúgbó yẹn ló bọ́ kẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ gbá ògiri lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn ń gbá ọmọ lẹ́yìn kó lè gùfẹ̀, ó ní, "Kí ọ̀nà ó rọ̀ ọ́ o." Mo gbọ́ ìró àjẹ̀ wọn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ ọ mọ́.

Èmi nìkan ni mo wá kù nínú yàrá. Ẹ ò tí ì mọ bí yàrá kékeré ṣe tóbi tó. Fèrèsé tí mo máa ń gbà wo òkun láti kékeré, igi ẹ̀gbà ló ń kọjá níwájú rẹ̀ báyìí. Lára ògiri, ìṣó tí ìyá mi máa ń fi òṣùká rẹ̀ kọ́ ṣì wà níbẹ̀, ó ti dípẹtà, kò sí ohun kan lórí rẹ̀. Mo fi fóònù ya àwòrán fèrèsé náà, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Wo mọ́tò tèmi. À ń lọ sábẹ́ afárá." Nẹ́tíwọ̀kì kò sí. Ó ń yí, ó ń yí.

Ọ̀rẹ́ mi ké sí mi láti ẹ̀yìn: "Tíṣà, ọkọ̀ ti fúyẹ́! Wò ó bó ṣe ń sáré!"

"Mo rí i! Ó dára bẹ́ẹ̀!"

Àgbà méjì, ọmọ omi, inú wa ń dùn pé ọkọ̀ fúyẹ́.

Omi ti fà tán nígbà tí a fojú kan afárá, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ṣírò rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi pa ẹ́ńjìnnì, ó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ lọ jẹ́jẹ́. Bí a ṣe ń sún mọ́ ọn, ó ń yí orí sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì. Ó ki ọ̀pá mọ́lẹ̀, ọkọ̀ dúró.

"Tíṣà, gun òkè wò ó."

Mo gun orí àpótí, mo wò ó. Ṣónṣó òrùlé ìyá mi ga ju abẹ́ afárá lọ ní ìwọ̀n ìka kan.

"Ta ló kọ́ ẹ ní ìṣirò?" ni ó kọ́kọ́ sọ.

"Ìwọ lo di ọ̀pá mú!"

"Ìwọ lo so àkísà!"

"Bóyá afárá ló rì."

"Afárá ò rì, Tíṣà. Ọpọlọ ló rì."

A tún fi ọ̀pá wọn abẹ́ afárá. Omi dé ibi àkísà pupa gẹ́lẹ́, kò yẹ̀. A wọn yàrá. Omi ti kọjá ibi tí a so funfun sí, bí ẹni pé ilé náà dàgbà lójú ọ̀nà. Ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ilà ẹrẹ̀ kan wà lára igi, níbi tí omi dé ní òwúrọ̀. Ìka mẹ́ta ló fi wà lókè omi báyìí. Mo fi ọwọ́ kàn án.

"Àwọn èèyàn wa ni," ni mo wí.

"Èèyàn wo?"

"Àwọn tó sìn mí. Inú ọkọ̀ ni wọ́n wà nígbà tí a wọ̀n ọ́n. Wọ́n ti padà."

Ọ̀rẹ́ mi wo ilà náà. Ó wo ẹ̀yìn, sí ibi tí a ti wá, bí ẹni pé ó ṣì lè rí wọn. Ó jókòó.

Ìlú tí a ti wá, òpó lásán ló kù níbi tí yàrá yìí ti dúró, omi ìrọ̀lẹ́ sì ti máa bo ìyẹn náà. Kò sí ibi tí a lè dá a padà sí. Omi ò sì ní pẹ́ yí padà; bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún, ṣe ni a ó máa ga sí i, àsìkò òjò ni, omi ọ̀la á tún ju tòní lọ. Mo ní ká bu omi sínú ọkọ̀ kó lè rì díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wò mí bí ẹni tó bú ìyá rẹ̀.

"Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń gbọ́n omi jáde nínú ọkọ̀. Ìwọ ní kí n bù ú sínú! Omi inú ọkọ̀ kì í jókòó jẹ́jẹ́, Tíṣà. Ẹ̀gbẹ́ kan ló máa sá lọ, a ó sì máa wá yàrá ìyá rẹ nísàlẹ̀." Ó wọ abẹ́ ìjókòó, ó mú ayùn jáde. Kò wò mí lójú. "Jẹ́ kí n gé ṣónṣó rẹ̀ kúrò."

Igi òkè òrùlé yẹn ló mú ògiri méjèèjì dání. Ó mọ̀, èmi náà mọ̀. Bí ayùn bá kàn án, ọ̀rọ̀ káfíńtà máa ṣẹ. Mo di ayùn náà mú ní ojú rẹ̀, òun di èèkù rẹ̀ mú, a ò fà á, a kàn dì í mú bẹ́ẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ gbé ilé wá!"

Ohùn náà wá láti òkè. Ọjọ́ ọjà ni. Àwọn obìnrin tó ń ti ọjà Igbokoda bọ̀ ti dúró kún orí afárá, pẹ̀lú agbada àti agbọ̀n lórí, wọ́n ń wòran wa. Ẹni tó sọ̀rọ̀ jẹ́ obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan, ẹja yíyan ló kù sínú ọpọ́n rẹ̀.

"Ilé yín fẹ́ wọlé, ilẹ̀kùn wa ò gbà á ni?" ló tún wí, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Mi ò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, mo fẹ́ kí ẹ wá jókòó sínú yàrá ìyá mi."

"Kí la fẹ́ jẹ níbẹ̀?"

"Kò sí oúnjẹ. Ìwúwo yín ni mo fẹ́."

Obìnrin ẹlẹ́ja yìí kọjú sí àwọn yòókù.

"Ẹ gbọ́ o. Ó ní a sanra."

"Ọ̀rẹ́ mi ló ní kí n sọ ọ́," ni mo fèsì kíá.

"Irọ́ ni o!" ni ọ̀rẹ́ mi pariwo. "Tíṣà ni! Ìwé ló kọ́ ọ!"

Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, mo sọ ọ́ fún wọn bó ṣe jẹ́: òkun, yàrá, àwọn tó sìn mí tí wọ́n sì ti padà. Obìnrin ẹlẹ́ja náà gba orí àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ afárá sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Tíṣà, na ọwọ́. Bí ọkọ̀ yín bá rì, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé fún ọkọ mi." Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Wọ́n wọlé pẹ̀lú ẹrù wọn, wọ́n gbé ọpọ́n kalẹ̀, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ pákó, wọ́n ná ẹsẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti wọlé, mo máa ń gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi: ilẹ̀ á fà sísàlẹ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn mí kanlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ń wo ilà ẹrẹ̀. "Ó kù díẹ̀! Ẹ máa bọ̀! Ìyá tó wà níwájú yẹn, ẹ má tijú!"

"Ìyá rẹ ni kó má tijú!"

Ilà bọ́ sómi. Ọ̀rẹ́ mi ki ọ̀pá mọ́lẹ̀.

Òjìji afárá bò wá. Inú yàrá ṣókùnkùn, ó tutù. Ẹja inú ọpọ́n àti ẹja inú ògiri ń rùn pọ̀, mi ò mọ èyí tó jẹ́ tòní nínú wọn. Nínú òkùnkùn náà, èjìká kan fara ti èjìká mi, mi ò mọ ti ta ni. Ẹnì kan ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ibùsùn ìyá mi máa ń wà. Páànù ha kọnkéré lórí wa, ó dún ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀, ó dákẹ́. Mo gbàdúrà, kì í ṣe pé kí a tètè kọjá.

Ìmọ́lẹ̀ wọlé láti ojú fèrèsé. Wọ́n patẹ́wọ́, wọ́n hó.

Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀. Mo dúró ní àárín yàrá, mo ń gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lọ: ẹsẹ̀ kan kan ilẹ̀, pákó gbéra díẹ̀ lábẹ́ mi. Òmíràn, ó tún gbéra. Ó dàbí ìgbà tí wọ́n ń kó nǹkan kúrò lára mi. Obìnrin ẹlẹ́ja ni ó kẹ́yìn. Ó wo yàrá yíká, ó ní, "Ilé dáadáa ni. Ẹ má jẹ́ kó ṣófo," ó sì gbé ọpọ́n rẹ̀.

Yàrá náà wà ní Igbokoda báyìí, ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, ní ilẹ̀ gbígbẹ. Àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ó béèrè pé, "Dádì, ṣé ó kọjá?" Mo ní ó kọjá. Ó béèrè ẹni tó wà pẹ̀lú mi, mo ní ọ̀pọ̀ èèyàn ni, mi ò sì purọ́. Ilẹ̀ ibí le. Èèyàn lè wọlé, èèyàn lè jáde, ilẹ̀ kì í sọ fún ọ.

Nígbà tí mo gbálẹ̀ ní ọjọ́ tí a dé, mo rí òṣùká kan ní igun, aṣọ àǹkárá aláwọ̀ ewé tí wọ́n ká, ó ń rùn bí ẹja. Mo fi í kọ́ orí ìṣó ìyá mi. Ọ̀rẹ́ mi bá mi béèrè lábẹ́ afárá nígbà tó ń kọjá, ó sì mú èsì bọ̀: "Obìnrin ẹlẹ́ja yẹn ló ni ín. Ó ní kó o jẹ́ kó wà níbẹ̀, òun á wá mú un."

Bó bá di ọjọ́ ọjà báyìí, mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ láti àárọ̀. Mo máa ń gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni tó ń gba atẹ́gùn. Kò tí ì wá. Òṣùká wà lórí ìṣó.